Ẹ Má Ti Ọmọ Tó Ní Wárápá Mọ́ Yàrá Lọ́jọ́ Ọdún

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kan máa ń gba oorun lójú àwa tí a ní ọmọ tí wárápá ń gbé: ṣé ká mú un lọ sílé ẹbí, àbí ká fi í sílẹ̀? Ọ̀pọ̀ ló ń fi í sílẹ̀. Wọ́n á ní iná wà níbẹ̀, kànga wà níbẹ̀, ojú ayé sì wà níbẹ̀. Ọmọ á wà ní yàrá ẹ̀yìn, á máa gbọ́ ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú fèrèsé.

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Bí wárápá bá gbé ọmọ nínú yàrá tí a tì pa, ta ni yóò yí i sí ẹ̀gbẹ́? Ta ni yóò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀? Ibi tí a rò pé a ti dáàbò bò ó gan-an ni ewu wà.

Wárápá kì í ràn. Itọ́ tó ń dà lẹ́nu ọmọ kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ènìyàn ló ní in láyé, àti pé bí ìtọ́jú bá péye, ó lè tó ènìyàn 70 nínú 100 tí kò ní í gbé mọ́. Oògùn tí a ń lò déédéé ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àsìkò ọdún sì ni ètò oògùn máa ń dà rú.

Ẹ ra oògùn tó máa kọjá ọdún sílẹ̀. Ẹ fi sínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe búùtù, torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kò mọ àsìkò oògùn ọmọ. Àìsùn máa ń ta wárápá jí, nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mú un lọ sí ìsìn àìsùn ọdún tuntun, ẹ jẹ́ kó sùn dáadáa lọ́sàn-án. Bó bá fẹ́ gbààwẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà; Ìsìláàmù gba aláìsàn láàyè láti má gbà á. Ẹ má jẹ́ kó súnmọ́ ààrò tí ìkòkò ẹran wà, ẹ má sì jẹ́ kó wọ odò láìsí àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ ẹbí. Lọ́jọ́ Iléyá kan, wárápá gbé ọmọbìnrin mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ọkọ mi. Ẹnì kan ń ké pé kí wọ́n mú ṣíbí wá, ẹlòmíràn ní kí wọ́n ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹbí, tí mo ti ṣàlàyé fún láàárọ̀, ti kúnlẹ̀ tì í. Ó tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, ó ká ìborùn sábẹ́ orí rẹ̀, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó ń wo aago. Kò pẹ́, ara ọmọ rọ̀. Ó sùn, ó jí, ó bèèrè ẹran rẹ̀.

Gbogbo ohun tó yẹ kí ẹbí mọ̀ nìyẹn. A kì í ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, a kì í dì í mú. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tí òmíràn bá gbé e kó tó lajú, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ má rọ àgbo ìtọ̀ màlúù sí i lọ́fun: ó máa ń jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì lè dá èémí dúró.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín kò ní in, iṣẹ́ tiyín ni láti kọ́ wọn pé kí wọ́n má sá fún un, kí wọ́n má fi í ṣẹ̀sín. Ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn.

Ọmọ tí a kò jẹ́ kó bá ẹbí jókòó lọ́jọ́ ayọ̀, ẹbí kò ní mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ ìṣòro. Ẹ mú un jáde, ẹ jẹ́ kó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣọdún.