Ìlà Yẹ́lò Méjì

Eré ìje mọ́tò ló gbé Chris Gerdes dé ìdí ọ̀rọ̀ ohun tó yẹ àti ohun tí kò yẹ. Ẹnjiníà ni, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stanford. Lọ́dún 2010, Audi kan tí òun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ sí, tí wọ́n sọ ní Shelley, dá gun òkè Pikes Peak ní Amẹ́ríkà láìsí awakọ̀. Mọ́tò tó lè dá sáré ti wà. Ó wá ku bó ṣe máa hùwà láàárín èrò.

Òun àti Patrick Lin, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ní Yunifásítì Cal Poly, pawọ́ pọ̀ lórí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan tí Gerdes gbé yẹ̀ wò dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé: ọkọ̀ kan dúró dí ọ̀nà, ìlà yẹ́lò méjì sì wà láàárín títì. Òfin ní kí ẹnikẹ́ni má kọjá ìlà náà. Awakọ̀ á yọjú wo iwájú, á fi táyà tẹ ìlà, á bá tirẹ̀ lọ. Mọ́tò tí wọ́n kọ́ pé òfin kò ṣeé rú yóò dúró gbagidi síbẹ̀.

Ọgbọ́n tí Gerdes dá sí i ni pé kí wọ́n pín òfin sọ́nà méjì. Kíkọlu ènìyàn jẹ́ èèwọ̀, kò sí ìdúnàádúrà níbẹ̀. Ìlà yẹ́lò ní iye tirẹ̀, mọ́tò sì lè tẹ̀ ẹ́ bí ìdí bá tó. Èló wá ni iye ọ̀hún? Nọ́ńbà ni, ẹnjiníà ló sì máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Èyí kò dùn tó iyàn tí gbogbo ayé fẹ́ràn, pé ṣé arúgbó ni kí mọ́tò gbá ni àbí ọmọdé. Àwọn onímọ̀ MIT gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdáhùn bíi mílíọ̀nù 40 ló wọlé. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tempe, Arizona, kò jọ ọ́ rárá.

Lálẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2018, obìnrin ẹni ọdún 49 kan ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọdá títì. Mọ́tò Volvo kan tó ń dá rìn, tí Uber ń dán wò, rí i nígbà tó ku ìṣẹ́jú-àáyá 5.6 kó gbá a. Ó pè é ní ọkọ̀, ó pè é ní ohun tí kò mọ̀, ó pè é ní kẹ̀kẹ́. Kò pè é ní ènìyàn, torí wọn ò kọ́ ọ pé ẹlẹ́sẹ̀ lè sọdá níbi tí wọn ò yà sọ́tọ̀ fún un. (Kí wọ́n gbé irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ wá sí Òṣòdì ná!) Bó ṣe ń pa orúkọ náà dà ló ń gbàgbé ibi tí obìnrin yìí ti ń bọ̀. Nígbà tó jàjà mọ̀ pé ewu dé, ètò inú rẹ̀ ní kó sinmi fún ìṣẹ́jú-àáyá kan ná, kó má baà máa tẹ búréèkì lásán. Búréèkì pàjáwìrì tí Volvo fúnra rẹ̀ ṣe sínú ọkọ̀ náà, Uber ti pa á. Mọ́tò náà gbá obìnrin yìí, ó sì kú.

Awakọ̀ tó yẹ kó máa ṣọ́ mọ́tò náà ń wo fóònù. Òun ló gbà ní kóòtù lọ́dún 2023 pé òun jẹ̀bi. Ní ti Uber, agbẹjọ́rò ìjọba ti sọ ní 2019 pé kò sí ẹ̀sùn ọ̀daràn tó kàn wọ́n. Ẹni tó yan ìṣẹ́jú-àáyá kan yẹn kò dé iwájú adájọ́ kankan. Lẹ́yìn ikú náà ni Uber yọ ìsinmi ìṣẹ́jú-àáyá kan náà kúrò, tí wọ́n sì jẹ́ kí búréèkì Volvo máa ṣiṣẹ́. Nígbà tó di ìparí 2020, wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ka tó ń ṣe irú mọ́tò yìí tà fún ilé-iṣẹ́ Aurora.