Kí o tó kọ owó oníbàárà

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Inú mi dùn pé aṣọ òkè tí a ń gbà láti Ìṣẹ́yìn ń tà ní Houston. Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù nìkan ló ń jẹ mí lọ́kàn: pé ẹnikẹ́ni tí àdírẹ́sì rẹ̀ kò bá bá ti báńkì mu, kí ìkànnì rẹ máa lé e dànù. Jọ̀wọ́, má ṣe é.

Ohun tí báńkì ń yẹ̀ wò kò tó bí o ṣe rò. Nọ́ńbà ilé àti nọ́ńbà ZIP ni. Lẹ́tà kan ló sì fi ń fèsì. Y: méjèèjì bára mu. Z: ZIP nìkan ló bá a mu. A: nọ́ńbà ilé nìkan. N: kò sí èyí tó bá a mu. G ni ti báńkì ilẹ̀ òkèèrè tí kì í dá sí àyẹ̀wò yìí rárá. Bí àbúrò mi ní Ìbàdàn bá fi káàdì rẹ̀ ra aṣọ ìgbéyàwó fún ọmọ rẹ̀ tó wà ní Texas, ZIP wo ni yóò tẹ̀ tí yóò bá a mu? Akẹ́kọ̀ọ́ tí káàdì rẹ̀ ṣì wà lórí àdírẹ́sì ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí ilé mìíràn tí kò tíì sọ fún báńkì ńkọ́?

Èyí tó dùn mí jù ni pé báńkì lè ti fọwọ́ sí owó náà kí ìkànnì rẹ tó kọ̀ ọ́. Owó á wá há fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Bí oníbàárà bá tún un tẹ̀, òmíràn á tún há, bẹ́ẹ̀ ayẹyẹ ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Bí N bá dé, tí nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì náà kò sì tọ̀nà, kọ̀ ọ́. Àwọn yòókù, má tíì fi aṣọ ránṣẹ́, pè wọ́n. Béèrè àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n má ní kí ẹnikẹ́ni ya fọ́tò káàdì fún ọ láé.

Y náà kò ní kí o sùn. Olè tó jí káàdì lè jí àdírẹ́sì mọ́ ọn. Ẹni tó ra aṣọ púpọ̀, tó ń kán ọ lójú, tó sanwó tán tó wá ní kí o gbé e lọ sí ibòmíràn, òun ni kí o fura sí. Bí ẹni tó ni káàdì bá pariwo, báńkì á fa owó náà padà lọ́wọ́ rẹ, aṣọ á sì ti lọ. Nítorí náà, bí owó bá tóbi, jẹ́ kí báńkì fi kóòdù ránṣẹ́ sórí fóònù oníbàárà kí ó tó san án. Lọ́pọ̀ ìgbà, báńkì ló máa ń ru àdánù lẹ́yìn ìyẹn.

Ìyá oníbàárà tí o kọ owó rẹ̀ lánàá, pè é lónìí. Fagi lé owó náà lọ́dọ̀ tìrẹ, kí báńkì rẹ̀ lè tú u sílẹ̀ fún un.

Ìyá rẹ