Òkè Ìdànrè: Ẹni Tó Gùn Ún Kò Tíì Délé

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Àjíǹde lọ́dún kan, a kó àwọn ọ̀dọ́ àti ìdílé mélòó kan nínú ìjọ wa, ó di Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìrìn àjò náà dùn, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan tí a kò fẹ́ kí ìdílé kankan tún fi ara gbà. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ yóò ti máa rí àwọn àpáta ńlá náà kí ó tó wọ ìlú. Wọ́n ga, wọ́n dán, wọ́n rí bí ìgbà tí ẹnì kan da ìkòkò ràgàjì dé sórí ilẹ̀. Lókè yìí ni àwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ní ọdún 1923. Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ àtijọ́ náà sì wà níbẹ̀. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni àlejò yóò gùn kí ó tó débẹ̀, ibi ìsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Àwa kò wò ó láti òkèèrè. A pẹ́ kí a tó kúrò nílé, oòrùn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtàrí kí a tó tẹ àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Búrẹ́dì àti mínírà pọ̀ nínú ọkọ̀, omi kò tó nǹkan. Àwa fúnra wa wọ bàtà tí a fi ń lọ sórí pẹpẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dán bí àwo. Ní ti àìlera, a ti kéde nínú ìjọ pé kí ẹni tí ara rẹ̀ kò bá dá dìde kí ó sọ. Ẹnikẹ́ni kò dìde, a sì gbà pé ara gbogbo wa le.

Nígbà tí a dé ibi ìsinmi kẹta, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17 jókòó, ó di itan rẹ̀ mú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sún mọ́ wa, ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé ọmọ òun ní àìsàn fòníkú-fọ̀ládìde. A bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún wa. Ó ní, "Bàbá Pásítọ̀, ẹ dákun, níwájú gbogbo ìjọ?"

Ọ̀rọ̀ náà gún wa lọ́kàn. Arábìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì láàárín wa fún ọmọ náà lómi mu díẹ̀díẹ̀, ó jẹ́ kí ó sinmi lábẹ́ ibòji, òun àti ọkùnrin méjì sì rọra mú un sọ̀ kalẹ̀, ó di ilé ìwòsàn. Ọlọ́run ṣe é, ó gbádùn.

Àwa yòókù dé òkè. Bí a ti ń yọ̀ ni òjò ṣú. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í sáré sọ̀. Orí àtẹ̀gùn tó tutù ni bàtà wa ti yọ̀, ọrùn ẹsẹ̀ wa sì yí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi ọ̀pá rìn.

Ẹ̀yin ará, ohun tí a rí nìyí: nígbà tí a dé òkè, ìdajì ọ̀nà péré ni a tíì rìn. Ẹni tó ná gbogbo agbára, omi àti àkókò rẹ̀ sórí gígùn kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún sísọ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn.

Èkíní, ẹni tó bá ń kó ènìyàn lọ, kí ó bi ẹnì kọ̀ọ̀kan léèrè ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ikọ́ fée, ẹ mọ̀ ọ́n ṣáájú, kí olúkúlùkù sì gba ìmọ̀ràn dókítà rẹ̀. Inú àpò ẹni ni kí oògùn wà, kì í ṣe inú ọkọ̀ nísàlẹ̀. Ní ti àwọn ọmọ wa tó ní fòníkú-fọ̀ládìde, àìmu omi tó, àṣejù iṣẹ́ àti òtútù lè ta ìrora náà jí.

Èkejì, ẹ tètè jí. Ẹ gùn ún ní òwúrọ̀ kùtù, kí ẹ máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Bí ìtọ̀ bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, omi kò tó lára nìyẹn. Bí ara ẹnì kan bá gbóná janjan, tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì wá ilé ìwòsàn kíákíá.

Ẹ̀kẹta, ẹ wọ bàtà tí ẹsẹ̀ ti mọ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀. Bàtà tuntun ní í fa ìléròrò.

Ẹ̀kẹrin, ẹ rọra sọ̀. Itan ti rẹ̀, gbogbo ìwúwo ara sì ń já lé eékún. Ẹ máa gbé ìgbésẹ̀ kékeré, kí eékún tẹ̀ díẹ̀, kí ọ̀pá wà lọ́wọ́. Ẹ di ọmọdé lọ́wọ́ mú. Bí òjò bá ń ṣú, ẹ tètè kúrò lórí àpáta gbangba, ẹ má sì sá sábẹ́ igi tó dá dúró, nítorí mànàmáná.

Ẹ̀karùn-ún, bí ẹsẹ̀ bá yí, ẹ má ṣe fi omi gbígbóná jó o, ẹ má sì ṣe wọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Aṣọ tí a rẹ sínú omi tútù ni kí ẹ fi lé e, kí ẹ dì í níwọ̀nba, kí ẹ gbé e sókè. Bí kò bá ṣeé tẹ̀, ó lè jẹ́ pé eegun ló ṣẹ́. Bí ejò bá sì bu ẹnì kan ṣán, ẹ má gé ojú ibẹ̀, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má dì í pinpin. Kí ó má mira, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní ọdún kejì a padà lọ. Ọmọbìnrin wa náà bá wa lọ, lẹ́yìn tí dókítà rẹ̀ ti gbà fún un. Ibi ìsinmi àkọ́kọ́ ni òun àti ìyá rẹ̀ dúró sí, pẹ̀lú omi àti agboòrùn. A fún un ní ìwé tí orúkọ gbogbo wa wà. Bí a ti ń sọ̀ bọ̀, ó ń kà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fàlà sórúkọ. Àwa ni a dé kẹ́yìn. Ó wo bàtà wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá Pásítọ̀, a pé."

Kí àlọ àti àbọ̀ gbogbo wa máa pé bẹ́ẹ̀. Àmín.