Òrùlé Pẹrẹsẹ

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ti èmi, nígbà tí mo fẹ́ ra ilé, òrùlé ni mo kọ́kọ́ wò, kì í sì í ṣe ọgbọ́n orí mi ni ó kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2006, inú yàrá méjì tí a háyà ní Ìbàdàn ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé, lábẹ́ dẹ́kìn. Dẹ́kìn ni àwọn bíríkìlà ń pe òrùlé oníkọnkéré tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bọ́lá, àkọ́bí wa, kò tíì ju ọmọ oṣù márùn-ún lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ gbé e kúrò lórí ẹní láti fún un ní ọmú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò tíì jókòó tán tí a fi gbọ́ ìró "gbì!" nínú yàrá. Ègé kọnkéré kan, tí ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun, ti já láti òkè bọ́ sí àárín ẹní náà. Mo gbé ojú sókè, mo rí irin dẹ́kìn níhòòhò, ó pọ́n bí osùn. Onílé wa ní kò sí nǹkan kan, pé òun yóò fi sìmẹ́ńtì dí i. Kí oṣù náà tó parí, a ti kó jáde.

Ọdún mẹ́sàn-án kọjá. Owó tí mo fi pamọ́ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti èyí tí Ìyá Bọ́lá rí nínú aṣọ tí ó ń tà wá tó nǹkan tí a lè fi ra ilé kékeré kan ní ẹ̀yìn ìlú. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, alágbàtà kan mú wa lọ wo ọ̀kan. Kànga wà ní àgbàlá rẹ̀, igi ọsàn kan sì ṣíji bo ojú fèrèsé. Kí n má purọ́ fún yín, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ilé náà wọ̀ mí lójú. Alágbàtà ní ẹnì kan ń ti Èkó bọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta láti wá san owó, mo sì fẹ́ san tèmi kí ọjọ́ náà tó pé.

Ìyàwó mi ni ó fà mí sẹ́yìn. Ó ní, "Bàbá Bọ́lá, ta ni í kun òkè yàrá ilé tí ó fẹ́ tà, tí kò kun ògiri?" Òótọ́ ni, ọ̀dà funfun tí ó wà lókè yàrá ṣì ń rùn, ògiri sì dọ̀tí bí ó ti wà. Ó ránṣẹ́ pe Bàbá, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tí ó ti ṣe iṣẹ́ bíríkìlà láti ìgbà èwe.

Bàbá kò wo kànga, kò wo igi ọsàn. Àkàsọ̀ ni ó béèrè. Nígbà tí a gun òkè, ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí àwọn àmì róbótó róbótó bí ojú abọ́, tí ẹrẹ̀ gbígbẹ yí etí wọn ká. Ó ní ibẹ̀ ni òjò ọdún tí ó kọjá dúró sí títí tí oòrùn fi lá a. Lẹ́yìn náà ó fi hàn mí pé ẹnu ọ̀pá tí ó yẹ kí omi gbà jáde ga ju ojú dẹ́kìn lọ.

"Tíṣà," ni ó wí, "omi kò mọ ẹni tó ni ilé. Ibi tó bá rẹlẹ̀ ló ń wá."

Àwọn baba wa mọ èyí. Ìbáà jẹ́ bẹẹrẹ ni wọ́n fi bo ilé, ìbáà jẹ́ ewé gbòdógì, òrùlé wọn a máa dà gẹ̀rẹ́ tí omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rò yóò fi bọ́ sílẹ̀. Ní Kano àti Zaria, níbi tí òrùlé pẹrẹsẹ alámọ̀ ti wà láti ìgbà pípẹ́, wọ́n a máa na ọ̀pá sí ìta ògiri kí omi lè gba ibẹ̀ jáde. Òjò tiwọn kò sì pọ̀ tó tiwa. Òjò Ìbàdàn a máa tó nǹkan bí 1,250 mìlímítà lọ́dún. Ẹ mú gègé yín kí ẹ ṣírò rẹ̀: mìlímítà kan lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà omi kan. Bí dẹ́kìn bá gùn ní mítà 12, tí ó fẹ̀ ní mítà 10, omi tí ń bọ́ lé e lọ́dún kan tó 150,000 lítà, èyí tí yóò kún àgbá epo 750! Nítorí náà dẹ́kìn kò gbọdọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ní tòótọ́, orúkọ lásán ni. Nínú mítà 8, ó yẹ kí ó fi sẹ̀ǹtímítà 10 dà sí apá ibi tí omi yóò gbà jáde, ó kéré tán.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí fi ìdí òòlù kan dẹ́kìn. Níbòmíràn ó dún "kọ̀, kọ̀". Níbòmíràn ó dún bí ìlù tí awọ rẹ̀ dẹ̀. A sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ìṣó ha ọ̀dà funfun náà díẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Alágbàtà bẹ̀rẹ̀ sí wo ilẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé omi ti gba inú kọnkéré dé ibi irin. Irin tí ó bá dípẹtà a máa wú. Ìpẹtà rẹ̀ a máa gba àyè ju irin fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó bá wú sí, a fọ́ kọnkéré kúrò lára rẹ̀. Mo rántí ẹní Bọ́lá.

Bàbá ní, "Bí awọ ló ń ṣàìsàn, rà á, kí o tún un ṣe. Egungun ló ń ṣàìsàn yìí."

Síbẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bínú sí Bàbá nínú ọkàn mi, nítorí igi ọsàn.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo gba iwájú ilé náà kọjá. Ará Èkó náà wá lóòótọ́, èmi tí mo rò pé irọ́ alágbàtà ni! Òun àti ìyàwó rẹ̀ dúró ní ẹnu ọ̀nà, obìnrin náà pọn ọmọ. Mo kí wọn, wọ́n kí mi. Alágbàtà tẹjú mọ́ mi. N kò sọ nǹkan kan, mo bá ọ̀nà mi lọ.

Oṣù kẹfà, nínú òjò, ni a rí èyí tí a ń gbé lónìí. Aṣọ ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi iná lẹ̀ mọ́ dẹ́kìn rẹ̀ ti sán. Oòrùn wa kì í sábà jẹ́ kí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lò ju ọdún mẹ́wàá sí ogún lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá kàn án, gbogbo rẹ̀ dún "kọ̀, kọ̀". A fi àkísà dí ẹnu ọ̀pá, a da omi sí i títí ó fi jìn tó ìka méjì, a sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Igun kan ṣoṣo ni ó rin, níbi tí ògiri etí òrùlé gbé pàdé dẹ́kìn. Awọ ni. Ẹni tí ó ni ín yọ owó àtúnṣe kúrò nínú iye rẹ̀, a sì rà á.

Lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń gun òkè lọ kó ewé kúrò lẹ́nu ọ̀pá. Bí òjò ńlá bá rọ̀ lóru, mo máa ń dìde tan tọ́ọ̀ṣì sí òkè yàrá àwọn ọmọ. Ó gbẹ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2017, mo tún gba ọ̀nà ilé olọ́sàn yẹn kọjá. Wọ́n ti ta tapólì bo dẹ́kìn rẹ̀ láti etí dé etí, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Aṣọ ọmọdé wà lórí okùn ní àgbàlá.