Ojú Lọ̀rọ̀ Wà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Síbẹ̀, ọmọ tí a bí ire kì í tẹjú mọ́ àgbà tó ń bá a wí: àgbà ló ni ìwò, ilẹ̀ ni ọmọ ń wò. Adé ìlẹ̀kẹ̀ pàápàá ní ìbòjú, kí ojú mẹ̀kúnnù má baà ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti ọba.

Ní ọdún 1985, Ellyson àti Dovidio, àwọn onímọ̀ ìhùwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀ràn yìí. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọmọ abẹ́ ní í tẹjú mọ́ ọ̀gá tó ń sọ̀rọ̀. Ọ̀gá kì í wo ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí í ṣe ìtẹríba lọ́hùn-ún, àfojúdi ni níhìn-ín.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà fún èmi olùkọ́. Mowe, Ibafo àti Ifọ ti kún fún ọmọ tó ti Èkó wá. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n nà nítorí pé ó wo olùkọ́ lójú. Mo sì ti rí èyí tó wolẹ̀, tí wọ́n pè lólè. Ẹ jẹ́ kí a mọ ilé tí ọmọ ti wá, kí a tó fi ojú rẹ̀ dá a lẹ́jọ́.