Ṣúgà Lára Páálí, Ṣúgà Lára Àwo Orin

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀nà tí ọmọ gbà wá sáyé, iṣẹ́ tí ìdílé ń ṣe, ayọ̀ tàbí ìbànújẹ́ tí ó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ, gbogbo wọn ni orúkọ máa ń fi hàn. Ẹni tí kò dé ilé ọmọ rí, bí ó bá gbọ́ Ògúndélé, yóò ti mọ òrìṣà tí àwọn baba ńlá rẹ̀ bọ. Lójú ọjà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ètò mìíràn ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Níbẹ̀, oúnjẹ àárọ̀ aládùn inú páálí, èyí tí àwọn ọmọdé ń da wàrà tútù sí, àti ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tí gìtá wọn ń mi ilé tìtì, lè jọ máa jẹ́ orúkọ kan náà láìjẹ́ pé wọ́n bára tan.

Ní ọdún 1937 ni ilé-iṣẹ́ General Mills gbé oúnjẹ àgbàdo róbótó-róbótó kan jáde, tí wọ́n sọ ní Kix. Ní 1981, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì líle kan láti Hagerstown ní ìpínlẹ̀ Maryland gbé àwo orin wọn àkọ́kọ́ jáde. Kix ni orúkọ ẹgbẹ́, Kix náà ni orúkọ àwo. Òfin gba irú èyí láyè. Ohun tí òfin Lanham ti ọdún 1946, tí ó de orúkọ ọjà ní Amẹ́ríkà, máa ń béèrè ni pé: ǹjẹ́ orúkọ yìí lè ṣi oníbàárà lọ́nà nípa ẹni tí ó ṣe ọjà náà? Ẹni tí ebi àárọ̀ ń pa kò ní ṣèèṣì gbé àwo orin sínú abọ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo onílé ni ó ń gbà kí àlejò jẹ́ orúkọ òun. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981 ní agbègbè Buffalo, ìpínlẹ̀ New York, ń jẹ́ Green Jellö. Àwọn tí wọ́n ni Jell-O, ìpápánu dídì tí ó máa ń gbọ̀n jìgìjìgì nínú abọ́, kò gbà fún wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ẹgbẹ́ náà di Green Jellÿ, ṣùgbọ́n wọ́n ta kú pé bí wọ́n ti ń pè é tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n ṣì máa pè é. Lẹ́tà yí padà, ohùn kò yí. Olùkọ́ tí ó ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé àmì orí lẹ́tà a máa yí ìtumọ̀ padà yóò rí i pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni àmì tí wọ́n gbé ka orí lẹ́tà yìí.

Àwọn oníṣòwò oúnjẹ fúnra wọn pàápàá kò fi ọ̀rọ̀ orúkọ ṣeré. Ọmọ ìyá ni John Harvey Kellogg àti Will Keith Kellogg, síbẹ̀ wọ́n gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́ nítorí ẹni tí yóò máa fi orúkọ ìdílé wọn ta ọjà. Ní 1920 ni ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní ìpínlẹ̀ Michigan dá Will Keith láre.

Nínú gbogbo orúkọ wọ̀nyí, ọ̀kan wà tí ó yẹ kí olóye ènìyàn ronú lé gidigidi: Sugar, ìyẹn ṣúgà gan-an. Nígbà kan, ṣúgà ni oríkì oúnjẹ ọmọdé. Sugar Crisp jáde ní 1949, Sugar Frosted Flakes tẹ̀ lé e ní 1952, Sugar Smacks sì dé ní 1953. Nígbà tí ó yá, àwọn òbí àti àwọn oníṣègùn eyín bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu àbùkù kan ṣúgà. Láàárín àwọn ọdún 1980, ọ̀rọ̀ náà pòórá lára páálí: ọ̀kan di Golden Crisp, èkejì di Frosted Flakes, ẹ̀kẹta di Honey Smacks. Orúkọ ṣúgà jáde nílé. Ṣúgà alára jókòó. Ní 2008, ìwé ìròyìn Consumer Reports fi hàn pé ó ju ìdajì ìwọ̀n Golden Crisp àti Honey Smacks lọ tí ó jẹ́ ṣúgà.

Orúkọ tí oúnjẹ sọ nù ni olórin wá he. Ní 1992, Bob Mould, tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ Hüsker Dü kí ó tó tú ká ní 1988, dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ pẹ̀lú David Barbe àti Malcolm Travis. Sugar ni wọ́n pe ara wọn. Àwo wọn àkọ́kọ́, Copper Blue, jáde lọ́dún yẹn kan náà, ìwé ìròyìn NME ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi í ṣe àwo tí ó dára jù lọ́dún náà. Orin rọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní alternative ni: gìtá ń bú ramúramù, ohùn dídùn sì ń rìn lábẹ́ rẹ̀. Kò sí horo ṣúgà kan níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí wọ́n tàn jẹ.

Ìnagijẹ ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ilé a máa pe àbúrò ọkọ rẹ̀ ní Eyínfúnjowó, kò sì sí ẹni tí yóò gbé owó ẹyọ wá láti fi wọn eyín onítọ̀hún. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, kì í ṣe ìwọ̀n. Ti oúnjẹ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé orúkọ ara páálí ni ìyá fi ń yan ohun tí ọmọ yóò jẹ. Kò sí aburú nínú pé ohun méjì jọ ń jẹ́ orúkọ kan. Aburú wà níbi tí wọ́n ti pààrọ̀ orúkọ, tí wọn kò pààrọ̀ ohun tí ń jẹ́ ẹ. Àwọn àgbà gbà pé orúkọ a máa ro ọmọ, ṣùgbọ́n oyin tí wọ́n fi sọ Smacks lórúkọ kò ro ó kúrò nínú ṣúgà.

Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1990 lórí àkọlé oúnjẹ ti sọ ọ́ di dandan pé kí ìwọ̀n ṣúgà hàn lára páálí. Iwájú páálí ni orúkọ wà, pẹ̀lú àwòrán ẹranko tí ń rẹ́rìn-ín sí ọmọdé. Ẹ̀gbẹ́ ni ìwọ̀n wà, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí ọmọdé kì í kà. Ilé tí àgbà ní láti wò nìyẹn.