Kámẹ́rà Ọlọ́jọ́ Orí Méjì

Kámẹ́rà kan lè ní ọjọ́ orí méjì: ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, àti ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é gbà á padà, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ti ìgbàlódé. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè pe ojúlówó ní ayédèrú. Díẹ̀ ló kù kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa ní Ìkọ̀lé-Èkìtì.

Iṣẹ́ fọ́tò ni bàbá mi àgbà ṣe jẹun. Láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, títí dé Ìdó, òun ni wọ́n ń pè sí ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìwúyè. Owó kòkó ló fi ra Leica rẹ̀ lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé. Òyìnbó náà ní òun ti fi í ránṣẹ́ sí Jámánì rí, kí wọ́n lè fi ibi tí wáyà fíláàṣì ń wọ̀ sí i.

Lẹ́yìn tí bàbá kú, oníbàárà kan wá láti Èkó. Ó wo nọ́ńbà orí rẹ̀, ó ní, "Wọ́n lu bàbá yín ní jìbìtì. Nígbà tí wọ́n ń fín nọ́ńbà yìí, Leica kò tíì ní fíláàṣì." Owó táṣẹ́rẹ́ ló dá lé e. Àbúrò bàbá mi fẹ́ gbà á, torí owó ilé-ẹ̀kọ́ mi ti súnmọ́lé. Màmá Àgbà kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ló ń dùn ún.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ilé-iṣẹ́ Leitz ní ìlú Wetzlar ló ń ṣe Leica nígbà náà, láti 1925 ni wọ́n sì ti ń tà á. Ní 1932 ni wọ́n ṣe irú èyí tí ń fi àwòrán méjì han ojú: a ó máa yí lẹ́ńsì títí méjèèjì yóò fi bọ́ sórí ara wọn. IIIc jáde ní 1940; IIIf, tó ní ibi fíláàṣì, jáde ní 1950. Wọn kì í fín IIIc tàbí IIIf sára wọn. Nígbà náà, ẹni tó bá ní ti àtijọ́ lè dá a padà sí Wetzlar kí wọ́n sọ ọ́ di irú tuntun, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ìbí rẹ̀ kì í sábà yí padà.

Nọ́ńbà ti bàbá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 42, ó sì jẹ́ ẹyọ mẹ́fà. Èyí tí wọ́n bí ní IIIf ju 525,000 lọ. Nítorí náà, IIIc ni wọ́n bí i. Ta ló wá fi fíláàṣì sí i?

Mo kọ́kọ́ yọ lẹ́ńsì rẹ̀. Nínú FED àti Zorki ti Rọ́ṣíà, tí àwọn oníjìbìtì máa ń fín orúkọ Leica sí, irin tó ń kan ẹ̀yìn lẹ́ńsì ní ẹnu ṣóńṣó. Ti bàbá jẹ́ àgbá kékeré roboto, bíi ti Leica gidi.

Mo wá wo ibi tí wáyà ń wọ̀. Ẹ̀yìn ló wà, ní ibi tí IIIf ń ní i, kò sì sí àmì pé ẹnikẹ́ni fi irin lu ú.

Níkẹyìn, mo wo bọ́tìnnì ìyára. Òǹkà pupa láti 0 dé 20 wà lábẹ́ rẹ̀. Lórí rẹ̀, 50 àti 75 ló wà, nígbà tí IIIc ní 40 àti 60. Ní 1952 ni Leitz bẹ̀rẹ̀ sí í lo èyí.

Mo ní, "Màmá, òótọ́ ni òyìnbó yẹn sọ fún Bàbá."

Wọ́n ní, "Èmi mọ̀ pé ọkọ mi kì í ṣe òmùgọ̀. Sọ fún àbúrò bàbá rẹ."

Àbúrò bàbá mi kọ owó oníbàárà náà. Iṣu oko rẹ̀ ló tà fún ìdajì owó ilé-ẹ̀kọ́ mi. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìṣirò lọ́sàn-án fún ìyókù.

Mo kọ nọ́ńbà náà àti ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé kan, mo sì fi í sínú àpò awọ kámẹ́rà náà. Ẹni tó bá tún wá rà á yóò kọ́kọ́ kà á.